Ọjọ́ Tí Àbúrò Mi Gé Èdìdì Ẹ́ńjìnnì

Ẹ́ńjìnnì kan wà tí mo fẹ́ràn ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Mi ò tijú láti sọ ọ́. Ó ga tó ilé alájà mẹ́ta, ó ní sílíńdà mẹ́jọ tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ bí ọmọ ilé ìwé, bí wọ́n bá sì ṣí ọ̀kan nínú wọn, àgbàlagbà lè wọ inú ẹ̀ kó dúró ṣánṣán kí orí ẹ̀ má kan nǹkan kan. Òun ló ń yí abẹ̀bẹ̀ irin tó wà nídìí ọkọ̀ wa, ọkọ̀ ojú omi gbọọrọ kan tó ń kó símẹ́ńtì àti irin láti èbúté kan dé òmíràn. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi nù ún. Tí ó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, irin tí mo dúró lé á máa gbọ̀n, á kọ́kọ́ dé àtẹ́lẹsẹ̀ mi, á gba orúnkún gòkè, tó bá fi máa dé àyà, orin ti dé ẹnu mi nìyẹn. Ta ló lè dúró lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kó má kọrin? Àfi odi.

Rédíò ni wọ́n ń pè mí nínú ọkọ̀.

"Rédíò, ẹ bá wa pa á díẹ̀ jàre!" ni ọ̀gá ìdáná máa ń kígbe látorí àtẹ̀gùn.

Èmi náà á ní, "Ẹ lọ wo ọbẹ̀ yín, ó ti ń jóná!"

Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń jóná lóòótọ́.

Iṣẹ́ mi ò le. Àkísà lọ́wọ́ ọ̀tún, ṣọ́ọ̀kì lápò. Ní wákàtí wákàtí, mo máa ń rìn láti orí sílíńdà kìíní dé ìkẹjọ, mo ń wo géèjì tó ń sọ bí èéfín ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbóná tó, mo sì ń kọ nọ́ńbà ẹ̀ sára pátákó dúdú kan tó wà lára ògiri. Mi ò rìn ín rí láìkọrin:

*Ẹni kìíní, ṣé o jí?*
*Mo jí, ara mi le.*
*Ẹni kejì, ṣé o jẹun?*
*Mo jẹun, mi ò yó jù.*
*Ẹni kẹta, rọra mí,*
*Ọ̀nà ṣì jìn, omi ò lópin.*

Báyẹn ni màá ṣe kí wọn títí dé orí ẹni kẹjọ. Bí ooru èyíkéyìí bá ti lé ní irinwó, orin tán nìyẹn. Mo gbọ́dọ̀ sáré lọ sọ fún ọ̀gá ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀gá ẹ́ńjìnnì, àbúrò mi ni. Ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi. Oṣù mẹ́jọ ni nígbà tí ìyá wa kú, èmi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Kíláàsì kejì ni mo wà, ibẹ̀ náà ni mo fi ilé ìwé sí. Ẹ̀yìn mi ló wà títí ẹsẹ̀ ẹ̀ fi ń wọ́lẹ̀. Orin ni mo fi kọ́ ọ ní ení, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tó wá kàwé, tó kàwé, tó di ẹni tí wọ́n ń kí ní ọ̀gá, òun ló mú mi wọnú ọkọ̀, òun ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka géèjì. Jẹ́jẹ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́, torí kò sí nǹkan tó ń fi agbára ṣe. Tó bá fẹ́ ṣí ìlẹ̀kùn, wàá rò pé ìlẹ̀kùn ọ̀hún ń sùn. Bí inú ẹ̀ bá tilẹ̀ ń bí i, ohùn ẹ̀ á wulẹ̀ máa wálẹ̀ sí i ni. Mo máa ń wò ó nínú aṣọ iṣẹ́ funfun ẹ̀, kí n máa rẹ́rìn-ín lémi nìkan. Ọmọ tí mo fi aṣọ mi nu imú ẹ̀!

Ohun kan wà tí èmi àti ẹ̀ jọ ń ṣe tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí n tó lọ síwájú. Ilé-iṣẹ́ ní ìwé ńlá kan. Ẹni tó bá ka géèjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ kọ nọ́ńbà síbẹ̀, kó sì fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Ẹ ò tíì rí ìkọ̀wé mi. Bí ipasẹ̀ adìẹ nínú iyanrìn ló rí. Ojú ń ti àbúrò mi kí àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ rí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ tiyín sí pátákó, èmi á bá yín dà á kọ sínú ìwé, ẹ kàn máa fọwọ́ sí i." Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Nígbà tó yá, ká má baà máa pààrà ara wa, mo wá ń fọwọ́ sí i láàárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, nígbà tí ojú ìwé náà ṣì funfun báláú. Òun á wá máa kọ nọ́ńbà sókè ìfọwọ́sí mi bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ. Ọdún méje la ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì rí. Ṣé àbúrò mi ni màá máa ṣọ́?

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ nípa ìlà pupa.

Ẹ́ńjìnnì ní ìwọ̀n ẹrù tó lè rù, bíi tèmi bíi tiyín. Lára ọ̀pá tó ń fún un lépo, wọ́n kun nọ́ńbà láti òdo dé àádọ́fà. Ìlà pupa wà ní márùndínláàádọ́rùn-ún, abẹ́ ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ti máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Bí ìjì bá dé, tàbí tí a bá fẹ́ yà fún ọkọ̀ mìíràn, ó lè dé ọgọ́rùn-ún. Ó tilẹ̀ lè dé àádọ́fà, àmọ́ wákàtí kan péré nínú méjìlá, kó sì wá mí. Kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe bí ẹni gbàgbé, bóòtù kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ọ̀pá yẹn kọjá ìlà. Ilé-iṣẹ́ fi wáyà so ó, wọ́n fi òjé tẹ èdìdì mọ́ ọn. Àfi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu lèèyàn lè gé e, ẹni tó bá sì gé e gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ní wákàtí náà gan-an.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fọ ìdí ọkọ̀ wa. Ìkarahun wẹ́wẹ́ àti ewéko omi ti lẹ̀ mọ́ ọn bí irùngbọ̀n bàbá àgbàlagbà. Tí ọkọ̀ bá ti nírùngbọ̀n báyẹn, ṣe ni omi á máa dì í mú. Abẹ̀bẹ̀ á máa yí díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì máa mu epo púpọ̀. Ẹ wo ẹni tó ru omi tó ń gun òkè. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò yá, àmọ́ àyà ẹ̀ fẹ́ ya. Ẹni tó bá ń ka ìṣísẹ̀ ẹ̀ nìkan á ní kò tíì ṣe nǹkan kan.

Kápútéènì wa, ìṣísẹ̀ ló ń kà. Géèjì tó ń sọ iye ìgbà tí abẹ̀bẹ̀ ń yí ló wà níwájú ẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, kò sí èyí tó ń sọ ẹrù. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó sọ̀kalẹ̀ wá bá wa, tòun ti bàtà ẹ̀ tó ń dán bíi dígí. Ẹ ò lè mọ bó ṣe yà mí lẹ́nu tó, torí kì í wá síbi tí epo bá wà.

Ó ní, "Jẹ́jẹ́, ìgbà mẹ́rìnlélọ́gọ́rin péré ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ìwé ní ó lè yí ní ìgbà ọgọ́rùn-ún. Kí lẹ ń fi ìyókù pamọ́ ṣe? Ṣé ẹ fẹ́ pín in lógún ni?"

Àbúrò mi ní, "Ọ̀gá, ìdí ọkọ̀ ló dọ̀tí. Ẹrù ti dé ìlà pupa."

"Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fún wa láyè ní èbúté. Tí a bá pẹ́, ọkọ̀ mìíràn á gbà á, a ó sì dúró sórí omi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bí ewúrẹ́ tí wọ́n so." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, àmọ́ etí tèmi, etí olórin ni. "Ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń kàn lọ́wọ́ yẹn, èmi ni wọ́n ní kí n mú ọ̀gá ẹ́ńjìnnì wá fún un. Orúkọ ẹni tó ń tètè débi tó ń lọ ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́."

Ó gòkè lọ. Àbúrò mi dúró síbẹ̀, ó ń wo ibi tí bàtà yẹn tẹ̀. Ẹ ṣàánú ẹ̀ díẹ̀, èmi náà ṣàánú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọdún márùn-ún ló ti ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ tuntun. Ó gé fọ́tò irú ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì ẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ṣí àpótí irinṣẹ́, ó fa púláyà yọ, ó lọ sídìí ọ̀pá epo. Kọ́ì! Wáyà já. Òjé bọ́ sílẹ̀, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ páìpù ńlá.

Mo ní, "Ìwọ! Ta ló ń kú lọ nínú ọkọ̀ yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, wákàtí kan ni. Wákàtí kan, màá dá a padà."

"Ṣé wàá kọ ọ́ sínú ìwé?"

"Màá kọ ọ́. Ẹ lọ máa kọrin yín."

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. Nígbà tó di aago méjìlá, ọ̀pá epo wà ní mẹ́talélọ́gọ́rùn-ún, kò sì sẹ́ni tó dá a padà. Géèjì mi ní irinwó lé mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kejì, ó di irinwó lé ọgbọ̀n, kì í sì í ṣe ẹyọ kan, gbogbo wọn ni, látorí ìkíní dé ìkẹjọ. Mo fà á lọ sídìí pátákó.

"Wo ohun tí mo kọ."

"Géèjì yẹn ń purọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló jọ ń purọ́? Níbo ni wọ́n ti ṣèpàdé?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa á. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi ni mo kàwé ẹ̀." Ó wá mú àkísà, ó nu pátákó mi mọ́ tónítóní.

Kí ni kí n sọ? Òun ló kàwé ẹ̀ lóòótọ́. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ ìgbọ̀nrìrì yẹn ti yàtọ̀. Kò gba àtẹ́lẹsẹ̀ mi wọlé mọ́, eyín mi ló ń lù. Orin ò jókòó. Màá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, á yọ̀ bọ́ lẹ́nu mi.

*Ẹni karùn-ún, kí ló dé?*
*Ìwọ ni mò ń kí, o ò dáhùn.*

Láàárọ̀ ọjọ́rú, nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, ẹni karùn-ún dáhùn. Ó ké bí ẹni tí wọ́n fi ìlẹ̀kùn há níka. Èéfín dúdú bò wá, agogo ń dún, gbogbo wa ń sáré, àbúrò mi fa ọ̀pá wálẹ̀, ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Ẹ ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ o, àfi tí ẹ bá ti wà nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kú lójú agbami. Mo gbọ́ tí omi ń lá ara irin níta. Písítìnì karùn-ún ti wú, ó há, ó sì ya láti òkè dé ìdajì. Kò sẹ́ni tó fara pa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọkọ̀ kékeré méjì ló wá fi okùn fà wá dé èbúté lọ́jọ́ Ẹtì. Ọkọ̀ mìíràn ti wà láyè wa, ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ rán obìnrin kan wá wádìí ọ̀rọ̀. Gíláàsì méjì ló ní, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí, bó bá ti fẹ́ kàwé á pààrọ̀ wọn. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná lọ́jọ́ tó dé, a ti ń pè é ní Onígíláàsì-Méjì.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó máa pè wá jókòó, àbúrò mi gbé tíì wá sí yàrá mi fúnra ẹ̀. Ó bá mi de bọ́tìnnì ọrùn aṣọ mi. "Ẹ má bẹ̀rù, Ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni màá sọ̀rọ̀. Ẹ ṣáà jókòó." Inú mi dùn débi pé mo kọrin fún un, orin tí mo fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nígbà tó wà ní kékeré, òun náà sì gbè é. Mo ti pinnu ní tèmi. Ọ̀rọ̀ èdìdì yẹn, ẹnu mi kọ́ ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ. Tó bá fẹ́ sọ ọ́, kó sọ ọ́ fúnra ẹ̀. Èmi ò rí nǹkan kan.

Yàrá ìjẹun la jókòó sí. Onígíláàsì-Méjì jókòó sídìí tábìlì, ìwé ńlá wà níwájú ẹ̀, kápútéènì wà lápá ọ̀tún, àbúrò mi lápá òsì. Ọ̀gá ìdáná dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn, ó ń ṣe bí ẹni ń nu abọ́.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí èyí?" Ó tẹ ìka sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé.

"Èmi ni mà."

"Ẹ jẹ́ kí n kà á síta. Ọjọ́rú, aago mẹ́jọ: ìkíní, irinwó dín ọgbọ̀n. Ìkejì, irinwó dín ọgbọ̀n. Ìkẹta, irinwó dín ogún..."

Ó kà á lọ bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà tútù nini. Nọ́ńbà tí mi ò fojú rí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó wá ṣí ojú ìwé sápá kan.

"Aago mẹ́wàá: òṣìṣẹ́ tó ń nu ẹ́ńjìnnì ti ẹnu páìpù omi tó ń mú sílíńdà karùn-ún tutù pa, kó lè rí ibẹ̀ nù. Aago mọ́kànlá kù díẹ̀: a rí i pé ó gbàgbé láti ṣí i padà. Písítìnì há."

Mo wo ẹ̀yìn mi, bóyá òṣìṣẹ́ mìíràn wà níbẹ̀ tó ń nu ẹ́ńjìnnì.

Mo ní, "Èmi ò fọwọ́ kan omi." Mo yíjú sí àbúrò mi. Mo ń rẹ́rìn-ín, ẹ gbọ́ mi, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín, torí mo rò pé àṣìkọ ni, ó máa tó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. "Ọ̀gá, ẹ sọ fún wọn."

Tábìlì ló ń wò. Ó ní, jẹ́jẹ́, "Ẹ̀gbọ́n mi ti ń dàgbà. Wọn ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

Bí ẹ bá gbá mi létí, mi ò ní mọ̀ ọ́n lára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Onígíláàsì-Méjì ní, "Màmá, ìgbà wo lẹ fọwọ́ sí ojú ìwé yìí?"

"Láàárọ̀ mà, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ fọwọ́ sí ìwé tí kò sí nǹkan nínú ẹ̀?"

"Ọmọ ìyá mi ló ń bá mi kọ ọ́."

Ó yíjú sí àbúrò mi. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá Ẹ́ńjìnnì?"

"Rárá o. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń fọwọ́ sí i, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí gbogbo ẹ̀."

Kápútéènì ń wo fèrèsé bí ẹni pé ẹyẹ wà níbẹ̀. Kò sí ẹyẹ kankan níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ní ká lọ sinmi, mo lọ bá a ní yàrá ẹ̀. Mi ò kanlẹ̀kùn. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì lábẹ́ fọ́tò ọkọ̀ tuntun.

Mo ní, "Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra. Ọdún kan ló kù kí ẹ fẹ̀yìn tì. Kí ni wọ́n fẹ́ fi yín ṣe? Wọ́n á ní kí ẹ máa lọ sílé, ó tán. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni."

"O ò lè bi mí kó o tó kọ ọ́?"

"Tí mo bá bi yín, ṣé ẹ máa gbà?"

Mo rò ó. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo dúró síbẹ̀, mo rò ó dáadáa. Mo ní, "Bóyá màá gbà."

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ ẹ̀ rí i? Ṣé kò wá tán báyìí?"

Inú ẹ̀ dùn sí ìdáhùn yẹn lóòótọ́, bí ẹni tó yanjú ìṣirò. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kò rí mi. Mo wà níwájú ẹ̀ gbàgàdà, kò rí mi.

Mo ní, "Gbọ́. Wọ́n tún máa pè wá lọ́la. Mi ò ní kó o sọ ọ̀rọ̀ èdìdì. Mi ò ní kó o dárúkọ kápútéènì. Ṣáà sọ ọ́ lẹ́nu ẹ pé èmi kọ́ ni mo ti omi. Ìyẹn nìkan. Iṣẹ́ yẹn, kí wọ́n gbà á, mi ò bínú. Àmọ́ má jẹ́ kí n gbé e lọ sílé pé èmi ni mo pa ẹ́ńjìnnì yẹn."

Ó ní, "Màá rí i ṣe."

Mo gbà á gbọ́ o. Mo tún gbà á gbọ́! Mo sùn bí ọmọ ọwọ́.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ti ṣí gbogbo sílíńdà láti àárọ̀ kùtù. Nígbà tí a padà jókòó, ọwọ́ Onígíláàsì-Méjì dúdú fún epo, epo wà lára gíláàsì orí ẹ̀ pàápàá. Mo fẹ́ràn ẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ó ní, "Mo wọnú wọn fúnra mi. Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló jóná. Iná ti jẹ ibi tí èéfín ń gbà jáde nínú gbogbo wọn. Tó bá jẹ́ omi karùn-ún ni wọ́n tì, karùn-ún ló yẹ kó jóná. Kí ló jó àwọn méje yòókù, Ọ̀gá Ẹ́ńjìnnì?"

Mo ní nínú ọkàn mi, òun nìyí. Ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀, kó bá ibẹ̀ jáde. Mo tilẹ̀ mi orí sí i, bí mo ṣe máa ń mi orí sí i nígbà tó bá fẹ́ ka ìwé lójú àlejò.

Ó fọwọ́ nu ẹnu. Ó ní, "Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti omi àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ."

Ọ̀gá ìdáná ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lẹ́nu ìlẹ̀kùn. Èmi ni mo tẹ̀ lé e. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi, mo ń lu tábìlì. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ! Kí n máa gun àtẹ̀gùn, kí n máa sọ̀ kalẹ̀, kí n máa ti omi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pa iná ilé! Àbúrò mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín tán nínú mi, mo wá ibi tí ìfẹ́ mi sí i wà, bíi kéèyàn máa fi ahọ́n wá eyín tó ti yọ.

Onígíláàsì-Méjì ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. "Tí omi àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá tì, agogo á dún dé òkè láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, aago mẹ́wàá nìyẹn. Kápútéènì, ṣé ẹ gbọ́ agogo láago mẹ́wàá?"

Kápútéènì dáhùn kíákíá, "Agogo kankan ò dún." Ó sì fi àga ẹ̀ sún díẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò mi. Díẹ̀ báyìí. Gbogbo wa la rí i.

Mo dìde. Mo ní, "Mà, èdìdì tó wà lára ọ̀pá epo yẹn kì í ṣe tiyín. Àbúrò mi ló tẹ òmíràn sí i lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi okùn fà wá bọ̀. Tiyín wà lábẹ́ páìpù ńlá. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló gé e. Wákàtí mọ́kàndínláàádọ́ta ni ẹ́ńjìnnì fi ṣiṣẹ́ lórí mẹ́talélọ́gọ́rùn-ún, kò mí lẹ́ẹ̀kan. Èmi ni mo ń ka géèjì. Irinwó lé ọgbọ̀n ni mo kọ, àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Kápútéènì ló sì wá ní kó ṣe é, tòun ti bàtà ẹ̀."

Mo jókòó. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, ẹ́ńjìnnì kankan ò sì ń ṣiṣẹ́.

Wọ́n lọ wo abẹ́ páìpù, wọ́n rí i. Wọ́n fún kápútéènì ní lẹ́tà ìkìlọ̀, ó ń tukọ̀ ẹ̀ lọ. Àbúrò mi ni wọ́n ní kó palẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí èmi dúró lẹ́nu iṣẹ́ mi títí ọdún mi á fi pé.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló lọ. Ó gbé báàgì ẹ̀ dé orí àtẹ̀gùn tí wọ́n ń gbà bọ́ sí èbúté, ó bọ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ló kù sẹ́yìn. Mo ti tún ojú mi ṣe bí ẹni tí wọ́n fẹ́ wá bẹ̀. Mo ti ń dárí jì í kó tó débẹ̀.

Ó dúró síwájú mi. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ tà mí. Ọmọ ìyá yín. Ká ní Màmá wà láyé ni, ẹ ò ní dán an wò."

Mo ní, "Ká ní Màmá wà láyé, tó sì jẹ́ òun ló ń nu ẹ́ńjìnnì, orúkọ Màmá ni ìwọ ì bá kọ síbẹ̀."

Ó gbé báàgì ẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀.

Ó ti di ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí. Ayé mi dùn, mi ò ní tàn yín jẹ. Mo ní yàrá tí oòrùn àárọ̀ ń wọ̀, mo ní ọ̀rẹ́ méjì tó ń jàdù àga lọ́dọ̀ mi, mo sì ń kọrin láti ìgbà tí mo bá ti jí. Àdúgbò kan náà lèmi àti àbúrò mi ń gbé. Bí mo bá yọ lápá ibí, á yà sápá ọ̀hún.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ọmọbìnrin ẹ̀ àgbà, tí mo wẹ̀ ní kékeré, wá kan ilẹ̀kùn mi. Ó jókòó, ó ń yí òrùka ọwọ́ ẹ̀ po.

"Mọ́mì Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà láàárín ẹ̀yin àti Dádì gan-an?"

Mo ní, "Lọ bi bàbá ẹ."

"Mo bi wọ́n."

"Kí ló wí?"

Kò fẹ́ sọ ọ́. Mo ní kó sọ ọ́, mi ò ní bínú.

Ó ní, "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ti omi."

Mo wo ọmọ náà. Ojú ẹ̀ jọ tiẹ̀ gan-an. Mo bi í bóyá ó ti jẹun, ó ní kò tíì jẹ, mo sì dìde lọ wá nǹkan fún un.